Ẹ wọn kayak kí ẹ tó sanwó o! Wọ́n ta èyí tó wúwo fún mi, wọ́n ní ó fúyẹ́

Ẹ̀yin ará tí a jọ ń tukọ̀ lójú òkun nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó ra kayak àlòkù, ìyẹn ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń fi àjẹ̀ tù.

Kent ni mò ń gbé. Èmi nìkan ni mo sábà máa ń gbé ọkọ̀ mi gun orí mọ́tò, ẹ̀yìn sì ti ń dùn mí láti ìgbà tí mo ti bí àbíkẹ́yìn mi. Kayak oníke tí mo ń lò tẹ́lẹ̀ tó kílò 30, agbára mi ò ká a mọ́. Ni oníṣòwò kan bá polówó kayak carbon, ìyẹn èyí tí wọ́n fi òwú dúdú tó le tó sì fúyẹ́ ṣe, gígùn rẹ̀ tó mítà márùn-ún, ó ní kílò 20 péré ni. £1,400 ló pè é. Owó yẹn kéré fún carbon tòótọ́, ó yẹ kó ti fu mí lára, àmọ́ ó ní ẹlòmíràn ń bọ̀ wá gbé e lọ́jọ́ kejì. Mo sáré fi owó ránṣẹ́ láti báǹkì.

Ìgbà tí wọ́n já a sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa tí mo di ẹnu rẹ̀ mú, ọkàn mi já. Mo mú ìwọ̀n kékeré tó ní ìkọ́ tí a fi ń wọn àpò tí a bá ń lọ sílé, mo fi okùn méjì gbá ikùn rẹ̀, bàbá àwọn ọmọ mi bá mi so ó kọ́ igi àjà gáréèjì. Kílò 28 àti ààbọ̀!

Nítòsí ihò ìkẹ́rù ẹ̀yìn, mo rí ibi tí dúdú ara rẹ̀ ti ń ṣí. Mo fi èékánná fà á. Ike àlẹ̀mọ́ ni, wọ́n tẹ àwòrán òwú carbon sí i lára, wọ́n wá fi bo ọkọ̀ bí ẹni fi bébà bo ògiri. Fíbà gíláàsì funfun ló wà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, mo bó ike náà, mo ki tọ́ọ̀ṣì bọ inú ihò yẹn. Carbon kì í jẹ́ kí iná yọ síta, ṣùgbọ́n ara ọkọ̀ yìí mọ́lẹ̀ rokoṣo, àfi ojú kan lábẹ́ ìjókòó tó ṣú dùdù, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì. Ibẹ̀ ló ti fọ́ rí. Wọ́n lẹ fíbà mọ́ fíbà, wọ́n kun ún, wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Mi ò bá ọkọ̀ tó wúwo jà o. Ẹni tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ sórí àpáta bíi ti erékùṣù Anglesey ní Wales, oníke ni kó rà, torí ó lè wọ́ ọ nílẹ̀ kó má fọ́. Bí ẹ bá sì di àgọ́ àti oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta sínú rẹ̀, kílò mẹ́jọ ò fi bẹ́ẹ̀ hàn lórí omi. Láti ìdí mọ́tò dé etí omi ló ti ń pa ni lára. Fún gígùn yìí, oníke sábà máa ń wà láàárín kílò 27 sí 32, fíbà gíláàsì 23 sí 27, carbon 18 sí 22. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ka ìjókòó àti ìdérí ihò mọ́ ọn. Kí ẹ sì wo inú rẹ̀ bóyá ògiri tó pín in ṣì pé, torí òun ló ń há afẹ́fẹ́ mọ́ tí ọkọ̀ kò fi ní rì bí omi bá wọlé.

Ẹ fi káàdì credit sanwó. Bí ọjà bá ju £100 lọ tí kò sì kọjá £30,000, Section 75 nínú òfin Consumer Credit Act jẹ́ kí ẹ lè béèrè owó yín lọ́wọ́ ilé káàdì náà bí oníṣòwò bá tàn yín. Èmi ò ní ìyẹn. Mo ti kọ̀wé sí oníṣòwò náà lọ́jọ́ kẹsàn-án pé mo dá ọjà rẹ̀ padà, torí Consumer Rights Act 2015 fún wa ní ọgbọ̀n ọjọ́ bí ọjà kò bá rí bí wọ́n ṣe pè é. Èsì rẹ̀ ni pé kílò tí òun sọ kàn jẹ́ ìfojúwọ̀n.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ wo kayak nítòsí Kent, kó kọ̀wé sí mi. Màá bá a lọ, màá sì mú ìwọ̀n àti tọ́ọ̀ṣì mi dání.