KOH ni tàbí gbígbìn? Ẹ kà á kí ẹ tó sanwó àyẹ̀wò làpálàpá

Ọ̀kun o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹ̀yin tí ẹ ń wọkọ̀ láti Mọ̀pà, Ìsánlú tàbí Ìyàrà lọ sí Kàbbà tàbí Lọ́kọ́ja nítorí làpálàpá tó kọ̀ tí kò lọ, ẹ gbọ́ tèmi ná.

Àyẹ̀wò méjì ni wọ́n sábà máa ń fi lọ èèyàn. Nínú KOH, wọ́n á ha èépá ara, wọ́n á kán omi kẹ́míkà (potassium hydroxide, òun ni KOH) sí i kó rọ̀, fọ́ńgọ́ọ̀sì tó ń fa làpálàpá á wá hàn bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Kì í pẹ́ rárá tó bá jẹ́ awọ ara, àmọ́ èékánná lè gba wákàtí. Gbígbìn, tí àwọn ará láàbù ń pè ní culture, ni pé kí wọ́n gbin èépá náà sórí oúnjẹ tí fọ́ńgọ́ọ̀sì ń jẹ hù, tí wọ́n ń pè ní Sabouraud, kí wọ́n máa wò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin.

Gbígbìn ni mo yàn. Mo rò pé ohun tó wọ́n ló dáa. Ẹni tó gbowó lọ́wọ́ mi ní Lọ́kọ́ja kò bi mí ní ohun tí mo fi ń pa ọrùn mi. Bẹ́ẹ̀ àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni mo fi ìpara fọ́ńgọ́ọ̀sì pa á, kó má baà yún mi nínú mọ́tò. Ó ha àárín ibẹ̀ fẹ́rẹ́, ó tán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ìrìn àjò ẹ̀ẹ̀mejì láàárín àwọn tírélà sìmẹ́ńtì Ọ̀bàjànà, èsì wá dé: kò sí ohun tó hù. Inú mi dùn bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́! Mo bọ́ sórí ìpara ọjà tí wọ́n po stẹ́rọ́ìdì mọ́. Yíyún dákẹ́ lóòótọ́, àmọ́ làpálàpá ràn dé èjìká, kò tilẹ̀ jọ òrùka mọ́.

Bàbá kan tó ń ṣiṣẹ́ láàbù ní Kàbbà ló wá bi mí pé, “Ìyá mi, kí lẹ fi pa á?” Mo ka gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní ìpara tí mo fi pa á ni kò jẹ́ kí nǹkan hù níjọ́sí, kí n dá gbogbo ẹ̀ dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí mo padà, ó fi spírítì nu ibẹ̀, ó wá ha etí rẹ̀, ó ní àárín ti ń sàn, etí ni fọ́ńgọ́ọ̀sì ṣì ń jẹ. KOH ló fi ṣe é. Ó ní kí n wá wò ó fúnra mi. Kí oòrùn tó kan àtàrí, mo ti wà lójú ọ̀nà Mọ̀pà.

Àléébù KOH ni pé ojú ẹni tó ń wò ó ló gbé e ró, ó lè fo ohun tó wà níbẹ̀, kò sì lè sọ irú fọ́ńgọ́ọ̀sì tó jẹ́. Gbígbìn lè sọ ọ́. Ìyẹn wúlò fún làpálàpá orí ọmọdé, nítorí irú fọ́ńgọ́ọ̀sì méjì ló sábà ń fà á, Microsporum àti Trichophyton: oògùn griseofulvin ló ń bá Microsporum jà jù, oògùn terbinafine sì dáa fún Trichophyton. Bí wọ́n bá máa fi èépá ránṣẹ́ síbi tó jìnnà, inú ìwé gbígbẹ ni kí wọ́n ká a sí. Ọ̀rinrin inú ìgò á jẹ́ kí kòkòrò mìíràn bò ó.

Àbàwọ́n tó máa ń yọ sí ẹ̀yìn àti àyà àwọn ọ̀dọ́ ńkọ́? KOH ni. Malassezia, fọ́ńgọ́ọ̀sì tó ń fà á, ń fẹ́ epo, oúnjẹ Sabouraud lásán kì í mú un hù.

Iná Wood, iná aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n ń tàn sí ara nínú òkùnkùn: ọ̀pọ̀ Trichophyton kì í tàn lábẹ́ rẹ̀, nítorí náà kí ibẹ̀ má tàn kò ní kí àrùn máà sí. PCR, àyẹ̀wò tó ń wá DNA fọ́ńgọ́ọ̀sì: ó yá, ó wọ́n, ó sì lè ka òkú fọ́ńgọ́ọ̀sì mọ́ ààyè.

Méjèèjì ló ní iṣẹ́ tirẹ̀, n kò bá gbígbìn jà. Àmọ́ bí owó ẹyọ kan ló wà lọ́wọ́ yín, ẹ ṣe KOH. Bí ẹni tó mú abẹ dání kò bá sì bi yín ohun tí ẹ fi pa á, ẹ gba owó yín padà, kí ẹ wọkọ̀.