Àdìrẹ Ìtòkú lójú fèrèsé mi: ohun tí mo rí láàárín oṣù mẹ́rìnlá

Ìparí ọdún 2023 la kó dé ilé tuntun wa ní Ọ̀bántókò, l'Ábẹ́òkúta, yàrá méjì àti pálọ̀ kan. Odindi oṣù méjì ni mo fi ń wo fọ́tò pálọ̀ lórí Pinterest lálaalẹ́, tí àwọn ọmọ bá ti sùn tán. Àwòrán tí mo tọ́jú lé ní ọgọ́rùn-ún: ògiri funfun, àga aláwọ̀ eérú, kọ́tìnì aláwọ̀ eérú, kápẹ́ẹ̀tì onírun funfun nílẹ̀. Wọ́n dùn ún wò. Àmọ́ tí mo bá ti gbójú kúrò lára fóònù tí mo wo pálọ̀ tèmi, nǹkan méjèèjì kì í bára mu rárá. Táìlì tí onílé tẹ́ sílẹ̀ pupa bí ilẹ̀pa. Fèrèsé ńlá kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Títì iwájú ilé kò ní ọ̀dà, tí mọ́tò bá kọjá lásìkò ọyẹ́, eruku á bò wá mọ́lẹ̀. Kápẹ́ẹ̀tì funfun wo ló fẹ́ lo ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀?

Yàrá Ìyá Àgbà ni mo ti rí ohun tí mò ń wá. Ẹ̀gbọ́n ìyá ọkọ mi ni wọ́n, Ìjẹmọ̀ ni wọ́n ń gbé. Mo lọ kí wọn lọ́jọ́ Àìkú kan. Ilé àtijọ́ ni, símẹ́ńtì pupa ló wà nílẹ̀, ó ń dán bíi dígí. Wọ́n na àdìrẹ kan sórí ẹ̀yìn àga onígi wọn. Aró rẹ̀ dúdú kirikiri, ojú àwòrán rẹ̀ tó funfun tẹ́lẹ̀ ti ń fà sí àyìnrín, ọba kan àti olorì rẹ̀ ló wà láàárín. Ọlọ́ba ni wọ́n ń pe irú rẹ̀, Ọba George Karùn-ún ti ìlú Òyìnbó àti aya rẹ̀ ni wọ́n yà síbẹ̀, láti ìgbà jùbílì wọn lọ́dún 1935. Ìyá Àgbà ní ìyá àwọn ló ni aṣọ náà. Mo jókòó, mo ń wo aró yẹn, mo ń wo igi àga, mo ń wo ilẹ̀ pupa. Irú ilẹ̀ tí mo ti ń fajú ro sí nílé mi látọjọ́ tí a ti kó débẹ̀ gan-an nìyí, òun ló wá rẹwà báyìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdìrẹ. N ò ṣí Pinterest lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Oṣù Kejì ọdún 2024 ni mo lọ sí ọjà àdìrẹ ní Ìtòkú. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà lọ́tùn-ún lósì, aṣọ ni wọ́n fi kọ́ láti òkè délẹ̀, ẹ ó sì máa fi orí kàn án bí ẹ bá ṣe ń lọ. Ìyá kan tó jókòó níwájú ìsọ̀ rẹ̀ pè mí.

"Ìyàwó mi, ẹ wolẹ̀ o. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, bùbá ni àbí kàfútáànì?"

"Kọ́tìnì ni, Màmá."

"Kọ́tìnì! Ẹ fi èyí tó wà lọ́wọ́ yín sílẹ̀ nígbà yẹn. Ìyẹn fẹ́lẹ́, ara ló wà fún."

Wọ́n wá kó òmíràn jáde, tẹ́ẹ̀rù, aṣọ òwú tó nípọn, tó wúwo lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá mi sọ ní ìsọ̀ yẹn wúlò fún mi ju gbogbo fọ́tò tí mo tọ́jú lọ. Wọ́n ní kí n dúró sí òdìkejì ọ̀nà, wọ́n wá na aṣọ méjì sókè fún mi. Àdìrẹ oníko, tí wọ́n fi ìko dì, ni èkíní, òbìrìkìtì ńláńlá ló wà lára rẹ̀. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni èkejì, ó kún fún ẹyẹ àti ewé wẹ́wẹ́. Láti ibi tí mo dúró sí, oníko yẹn ń ké sí mi. Ẹlẹ́kọ ti dàrú mọ́ra wọn, búlúù lásán ni mo ń rí. Nígbà tí mo padà dé ìsọ̀ tí mo sún mọ́ ọn, ẹlẹ́kọ ni n ò lè gbójú kúrò lára rẹ̀. Màmá ní ohun tí èèyàn ń wò láti ẹnu ọ̀nà, oníko ni kí n fi ṣe é, ohun tí àlejò máa jókòó tì, kí n lo ẹlẹ́kọ. Oníko ni mo rà fún fèrèsé, mo ra ẹlẹ́kọ fún tìmùtìmù ẹ̀yìn àga.

Mo tún bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n rí bí wọ́n ti ń ṣe é, ọmọ wọn sì mú mi lọ sẹ́yìn ilé. Láfún tí àwa Ẹ̀gbá ń jẹ náà ni wọ́n ń sè pẹ̀lú álọ́ọ̀mù títí á fi ki, ẹ̀kọ náà nìyẹn. Ìyẹ́ adìẹ ni obìnrin kan ń tì bọ̀ ọ́ tó fi ń yàwòrán sára aṣọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọkùnrin kan gbé páànù tó ti gé ihò sí lé aṣọ, ó ń fi ẹ̀kọ kan náà tẹ̀ ẹ́ gba inú ihò. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró ò ní ráyè wọ ibẹ̀. Aṣọ tí wọ́n fà yọ nínú aró ló yà mí lẹ́nu jù. Nígbà tó jáde, ewé tútù ló jọ. Mo fojú ara mi rí i bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́ sí i tó sì ń di búlúù, láti etí rẹ̀ wá sí àárín. Ó dùn mọ́ mi pé mo rí i kí n tó sanwó.

₦12,000 ni yáàdì márùn-ún oníko lẹ́yìn tí a ná an tán. Mo ra méjì fún fèrèsé pálọ̀ méjì. Ẹ jẹ́ kí n ṣírò rẹ̀ fún yín nítorí ibẹ̀ ló ti ń ṣòro fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Fèrèsé mi fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, ìyẹn 48 íǹṣì. Kí kọ́tìnì lè ṣẹ́ wálẹ̀ dáadáa, aṣọ gbọ́dọ̀ tó bí ìlọ́po méjì ìbú fèrèsé. Aṣọ tí mo rà fẹ̀ ní 44 íǹṣì, nítorí náà abala méjì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó. Yáàdì márùn-ún jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 15. Tí a bá gé e sí méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan á gùn ní 7 àti ààbọ̀. Tí télọ̀ bá ká orí àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ tán, á kù ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà méje, ìyẹn sì balẹ̀ nílé tèmi. Tí fèrèsé yín bá fẹ̀ jù báyìí lọ, yáàdì márùn-ún ò lè tó o, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé á tó.

Ẹ tún gbọ́ èyí, torí ó ṣe pàtàkì sí mi: aṣọ ni kí ẹ kọ́kọ́ rà kí ẹ tó kun ọ̀dà. Mo gé ẹ̀já kan lára àdìrẹ náà, mo mú un dání lọ sọ́dọ̀ ọlọ́dà ní Pánṣẹ̀kẹ́. Funfun báláú ni mo ní lọ́kàn. Nígbà tí mo gbé ẹ̀já yẹn lé ojú funfun náà, funfun tó wà lára àdìrẹ dà bí ẹni pé ó dọ̀tí. Mo gbé e lé kírímù, ojú rẹ̀ sì là. Kírímù la kùn. Ká ní mo ti kun ògiri kí n tó raṣọ, owó ọ̀dà méjì ni ǹ bá san.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, oòrùn á wọ ẹ̀yìn kọ́tìnì, gbogbo ojú òbìrìkìtì tí wọ́n fi ìko dì á mọ́lẹ̀ bí ẹni tan iná sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Lára òrùka kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí ojú ibi tí ìko ti fún aṣọ, ìlà tín-ín-rín tín-ín-rín tó ń yọ síta bí ìtànṣán. Kò sí èyí tó bá èkejì dọ́gba. Ọmọbìnrin mi kékeré a máa ka òbìrìkìtì náà kó tó sùn lọ́sàn-án. Pálọ̀ sì tutù lójú. Ooru Abẹ́òkúta lóṣù Kẹta kò ṣeé fẹnu sọ, mo mọ̀ pé aṣọ ò lè lé ooru, àmọ́ bí mo bá ti ọjà dé tí mo ṣílẹ̀kùn, ara máa ń tù mí.

Ó wá kan ohun tó dùn mí. Ẹlòmíràn ni mo ra ẹlẹ́kọ ti tìmùtìmù lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe ọ̀dọ̀ Màmá. Mo bi í bóyá aró rẹ̀ máa ń jáde. Ó ní, "Láéláé, aṣọ yìí kì í ṣí." Mo gbà á gbọ́. Mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo gbé e fún télọ̀. Ní ọjọ́ Àìkú kan, ìyá ọ̀rẹ́ ọkọ mi ti ṣọ́ọ̀ṣì yà kí wa, lẹ́ẹ̀sì funfun ni wọ́n wọ̀. Wọ́n fẹ̀yìn ti tìmùtìmù, iná ò sí, òógùn ń bọ̀. Nígbà tí wọ́n dìde láti máa lọ, búlúù ti tẹ̀ sí ẹ̀yìn bùbá wọn, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Wọ́n ní, "Aṣọ ni, ọmọ mi, má da ara rẹ láàmú." Ojú tì mí títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo gba bùbá náà, mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, àpá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ fírífírí. Nígbà tí mo padà lọ bá ẹni tó tà á fún mi, ó ní n ò ṣan án tó. Òótọ́ ni pé n ò ṣan án tó. Àmọ́ ṣebí òun ló ní kì í ṣí?

Nítorí náà, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ mú áńkáṣíìfù funfun lọ sọ́jà, ẹ fi omi díẹ̀ rin ín, kí ẹ fi ra ojú aṣọ níbi tó dúdú jù. Tí áńkáṣíìfù bá di búlúù, kò tíì yẹ fún àga. Wọ́n ní kí n fi iyọ̀ rẹ ẹ́. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, aró ṣì ń jáde. Ohun tó gbọ́ ni omi tútù: mo rẹ ẹ́, mo ṣan án, mo da omi nù, mo tún un ṣe. Ìgbà keje ni omi tó mọ́, láti ìgbà náà kò sì tún ba aṣọ ẹnikẹ́ni jẹ́. Ibòòji ni mo máa ń sá a sí, inú rẹ̀ síta. Ẹ má sì jẹ́ kí omi hípò dé ìtòsí rẹ̀, á jẹ aró náà tán pátápátá.

Oòrùn náà tún ń bá a jà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, mo ká etí kọ́tìnì fèrèsé ìwọ̀-oòrùn sílẹ̀ láti gbálẹ̀, mo sì rí i pé inú ibi tí wọ́n ká dúdú ju ìta lọ. Télọ̀ ti sọ fún mi látìbẹ̀rẹ̀ pé ká rán aṣọ mìíràn mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, mo kọ̀ nítorí ìmọ́lẹ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Mo ti fi sí i báyìí, ti fèrèsé yẹn nìkan, kò sì ṣí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n òbìrìkìtì náà kò mọ́lẹ̀ mọ́ ní ìrọ̀lẹ́, ó sì ń ká mi lára. Fèrèsé kejì kọjú sí àríwá, mo fi tirẹ̀ sílẹ̀ láìfi nǹkan kan sí i, ó ṣì dára bíi tọjọ́ tí mo rà á. Tí ẹ bá ní fèrèsé tí oòrùn kì í wọ̀ tààrà, ibẹ̀ ni kí ẹ gbé àdìrẹ yín sí.

Nígbà tí mo padà lọ ra yáàdì márùn-ún kẹta fún ẹnu ọ̀nà tó wọ kọ́rídọ̀, ọwọ́ Màmá kan náà ni, àwòrán kan náà, síbẹ̀ aró rẹ̀ dúdú ju ti tẹ́lẹ̀. Wọn ò rẹ́ mi jẹ, aró tí wọ́n pò lóṣù Kejì kọ́ ni wọ́n pò lóṣù Karùn-ún. Ẹni tó bá fẹ́ kó bára mu, kí ó ra gbogbo rẹ̀ pọ̀ lọ́jọ́ kan, kí ó sì bi wọ́n bóyá inú aró kan náà ni wọ́n ti jáde.

Ti ayédèrú tún kù. Èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ pọ̀ lọ́jà, owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Ẹ yí aṣọ padà. Ẹ̀yìn èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ máa ń funfun ju ojú rẹ̀ lọ. Ẹ̀yìn ẹlẹ́kọ gidi sì sábà máa ń dúdú ju ojú rẹ̀ lọ, torí ojú kan ṣoṣo ni wọ́n fi ẹ̀kọ sí. N ò ka ẹni tó bá ra ti ẹ̀rọ sí ẹlẹ́ṣẹ̀, kó sáà má san owó ọwọ́ fún iṣẹ́ ẹ̀rọ. Mo dé ọjà àdìrẹ tó wà ní Àsẹ̀rò náà, ibẹ̀ rọrùn láti páàkì mọ́tò, ìsọ̀ ibẹ̀ sì mọ́ tónítóní. Ìtòkú ni mo ti rí oríṣiríṣi tó pọ̀ jù.

Ní ti máàkì, 9 nínú 10 ni mo fún kọ́tìnì oníko, 6 ni mo fún tìmùtìmù ẹlẹ́kọ nítorí lẹ́ẹ̀sì ìyá yẹn. Èyí tí mo fún ní gbogbo rẹ̀ ni abala kan tó ṣẹ́kù, tí kò ju yáàdì kan lọ: mo ní kí kápẹ́ńtà fi igi yí i ká, mo gbé e kọ́ sí ògiri kọ́rídọ̀. Kò sẹ́ni tó ń fẹ̀yìn tì í níbẹ̀, oòrùn ò sì dé ibẹ̀.

Yàrá àwọn ọmọ ló kù. Fèrèsé wọn fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, ìlà-oòrùn ló kọjú sí, mo ti wọ̀n ọ́n. Ọmọbìnrin mi ní òbìrìkìtì kéékèèké ni kí n rà, kí òun lè rí púpọ̀ kà. Sátidé tó ń bọ̀ yìí lèmi àti ẹ̀ jọ ń lọ bá Màmá, áńkáṣíìfù funfun sì ti wà nínú báàgì mi.