VLC: Áàpù ìwo-fídíò tí ó béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó kọ ọ́

Fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ yíya fídíò ìgbéyàwó àti ìsìnkú ní Kàbbà, Ìyàrà tàbí Mópà, VLC ni mo ṣì kà sí áàpù ìwo-fídíò tí ó dára jù lọ, bí kò tilẹ̀ fani mọ́ra lójú. Ohunkóhun tí kámẹ́rà bá gbé jáde ni ó ń ṣí, títí kan fáìlì AVI àtijọ́ tí oníbàárà gbé wá nínú fúláàṣì. Kì í béèrè dátà kí ó tó ṣiṣẹ́, èyí tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré lójú ọ̀nà Ẹ̀gbẹ̀ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti máa ń já, kì í sì í fi ìpolówó dí ojú àwòrán. Àléébù rẹ̀ ni pé ètò inú rẹ̀ pọ̀ débi tí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ lè ṣìnà, àti pé fídíò 4K máa ń há lórí kọ̀ǹpútà tí agbára rẹ̀ kò tó. Mo fún un ní mẹ́rin nínú márùn-ún.

Ohun tí ó mú kí n fọkàn tán an ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ni ọwọ́ tí àwọn alábòójútó rẹ̀ fi mú ọ̀rọ̀ láísẹ́ǹsì, ìyẹn àdéhùn tí ó sọ bí a ṣe lè lo kóòdù tí ẹlòmíràn kọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ École Centrale Paris ní ilẹ̀ Faransé ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní 1996, ó sì di ohun tí gbogbo ayé lè lò lábẹ́ láísẹ́ǹsì GPL ní 2001. GPL gba ẹnikẹ́ni láàyè láti lo kóòdù kí ó sì yí i padà, ṣùgbọ́n bí ó bá pín ohun tí ó fi kọ́ fún àwọn ẹlòmíràn, ó gbọ́dọ̀ tú kóòdù tirẹ̀ náà síta lábẹ́ àdéhùn kan náà. Kò dà bí ọ̀wẹ̀, níbi tí ilé ti ń di ti onílé pátápátá bí àwọn tí ó wá ṣiṣẹ́ bá ti jẹun tán tí wọ́n lọ. Níhìn-ín, ẹni tí ó mọ ìpele kan ṣì ni ó ni ìpele náà.

Lórí iPhone ni àríyànjiyàn ti kọ́kọ́ gbóná. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2011, Apple yọ VLC kúrò nínú ilé ìtajà áàpù rẹ̀ lẹ́yìn tí Rémi Denis-Courmont, ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ kóòdù náà, ṣàròyé pé òfin ilé ìtajà ọ̀hún ń fi ìdènà lé àwọn olùlò, èyí tí GPL kò gbà láàyè. Ọ̀pọ̀ lè pè é ní ẹni tí ó ba nǹkan jẹ́ fún gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n lójú tèmi ẹjọ́ rẹ̀ tọ́: orí àdéhùn kan ni ó fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lé, bí àwọn ènìyàn sì ṣe fẹ́ràn áàpù tó kò sọ pé kí ẹlòmíràn yí àdéhùn náà padà lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tí VideoLAN, ẹgbẹ́ aláìlérè tí ó ń bójú tó o, wá fẹ́ gbé ẹ́ńjìnnì rẹ̀, apá inú tí ó ń mú kí fídíò ṣiṣẹ́, láti GPL sí LGPL tí ó rọ̀ jù ú lọ, kí àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn lè lò ó nínú áàpù tiwọn láìjẹ́ pé wọ́n tú gbogbo kóòdù wọn síta, Jean-Baptiste Kempf, ààrẹ ẹgbẹ́ náà, bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn tí ó ti kọ nǹkan sí i kiri, títí kan àwọn tí ó ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ tipẹ́, láti gba ìyọ̀ǹda wọn. Ẹ́ńjìnnì náà bọ́ sábẹ́ LGPL ní 2011, ọ̀pọ̀ nínú àwọn módù rẹ̀, ìyẹn àwọn ẹ̀yà kéékèèké tí a ń so mọ́ ẹ́ńjìnnì náà, tẹ̀ lé e ní 2012, VLC sì padà sórí iPhone ní 2013.

Ẹ fi èyí wé Redis, irinṣẹ́ ìpamọ́ dátà tí àwọn tí ń kọ ìkànnì ìtajà mọ̀ dáadáa. Láísẹ́ǹsì BSD, tí ìdènà inú rẹ̀ kéré, ni ó ń lò nígbà náà, kò sì sọ ọ́ di dandan láti tún bi ẹnikẹ́ni, nítorí náà ní oṣù Kẹta 2024 ni ilé-iṣẹ́ náà kéde pé láísẹ́ǹsì tí ó le jù ú lọ ni yóò wà lórí àwọn ẹ̀dà tuntun. Òfin wà lẹ́yìn wọn. Síbẹ̀, kí oṣù náà tó parí, àwọn kan nínú àwọn tí ó ti ń bá wọn tọ́jú kóòdù ti kó ẹ̀dà àtijọ́ lọ dá irinṣẹ́ mìíràn tí ń jẹ́ Valkey sílẹ̀ lábẹ́ àjọ aláìlérè Linux Foundation. Redis fi AGPL, láísẹ́ǹsì tí ó jọ GPL, kún un ní 2025, ṣùgbọ́n Valkey ń bá tirẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ VLC náà kò parí tán, nítorí pé àwọn módù kan ṣì wà lábẹ́ GPL. Ọ̀dọ́ tí ó bá fẹ́ fi ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sínú áàpù tí yóò tà ní Ìsánlú tàbí níbòmíràn gbọ́dọ̀ yẹ láísẹ́ǹsì módù kọ̀ọ̀kan wò kí ó tó gbowó lọ́wọ́ oníbàárà.