Alápatà tó mọ ibi tí pituitary màlúù wà

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá pituitary màlúù, kókó kékeré abẹ́ ọpọlọ tó ń tú hormone sínú ẹ̀jẹ̀, fún iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò ní LAUTECH, ẹ má kàn ra orí màlúù lọ́wọ́ ẹni tó bá kọ́kọ́ dá yín lóhùn. Bàbá alápatà kan wà ní odò ẹran níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, láàárín àwọn tó ń ta orí àti ẹsẹ̀. Iṣẹ́ wọn dára, mo sì fọwọ́ sọ̀yà.

Ọ̀pọ̀ alápatà á fi àáké la orí, wọ́n á fa ọpọlọ jáde, ó parí. Bẹ́ẹ̀, inú kòtò kékeré kan lára eegun, lábẹ́ ọpọlọ, ni kókó yìí wà. Awọ bò ó lórí, iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tìn-ìn-tín sì yí i ká bí àwọ̀n. Tí ẹ bá fa ọpọlọ, fọ́nrán tó so wọ́n pọ̀ á já, kókó á kù sínú eegun. Bí mo ṣe fẹ́ fi ìka yọ ọ́, Bàbá ní, "Rọra, ọmọ mi. Jẹ́ kí ọ̀bẹ yí i po ná." Wọ́n gé awọ náà yíká, wọ́n fi ṣóńṣó ọ̀bẹ gbé e láti ìsàlẹ̀, ó sì bọ́ sí mi lọ́wọ́ lódindi: iwájú pupa, ẹ̀yìn funfun díẹ̀.

Ẹ̀yìn yẹn ni mò ń wá. Ibẹ̀ ni hormone méjì, oxytocin àti vasopressin (èyí tó ń jẹ́ kí ara di omi mú), ń dúró sí lẹ́yìn tí ọpọlọ bá ti ṣe wọ́n: peptide kéékèèké, ìyẹn ẹ̀wọ̀n amino acid, 9 péré nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Oxytocin ló ń jẹ́ kí wàrà sọ̀ nígbà tí ọmọ màlúù bá ń mu ọmú. Iṣẹ́ tí onímọ̀ kẹ́mísìrì Vincent du Vigneaud ṣe lórí rẹ̀ ló gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 1955. Vasopressin màlúù bá tèèyàn mu régí, ti ẹlẹ́dẹ̀ ló fi amino acid kan yàtọ̀.

Orí ẹran tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ni Bàbá máa ń là fún mi, kì í ṣe orí àná. Èyí ṣe pàtàkì gan-an, torí tí ooru bá ti mú un, àwọn enzyme inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gé peptide wọ̀nyẹn wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Owó Bàbá lé díẹ̀, ó sì tọ́ sí wọn: orí tí a bá ti là, ẹni tó fẹ́ odindi kò ní rà á mọ́.

Wọn kì í kọ nǹkan sílẹ̀ o. Akọ ni tàbí abo, ẹ bi wọ́n kí orí tó kúrò lára. Ẹ wo eyín rẹ̀ fún ọjọ́ orí. Ẹ tètè dé ní ìdájí, kí ẹ sì gbé kúlà àti yìnyín tiyín dání.