12 Angry Men: Yàrá Kan, Ọkùnrin Méjìlá

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n dárúkọ fíìmù tí kò lo ìbọn tàbí ìjà, síbẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ènìyàn gbójú kúrò lára rẹ̀, 12 Angry Men ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Sidney Lumet ló darí rẹ̀, ó sì jáde ní ọdún 1957. Yàrá kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ ti wáyé, níbi tí ọkùnrin méjìlá, ará ìlú lásán tí ilé ẹjọ́ yàn láti dá ẹjọ́, ti ń pinnu bóyá ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló gún bàbá rẹ̀ pa. Mọ́kànlá ní ó jẹ̀bi. Ẹnì kan ṣoṣo, tí Henry Fonda ṣe, ni kò fara mọ́ ọn.

Ẹnì kan nínú wọn mú ọ̀bẹ tí wọ́n ní ọ̀dọ́mọkùnrin náà lò, ó gún un mọ́ tábìlì, ó ní irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Fonda fa òmíràn tó jọ ọ́ bí ìbejì yọ láti inú àpò, ó sì gún un sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo ti wò ó léraléra, síbẹ̀ àyà mi ṣì máa ń já níbẹ̀.

Ẹ kíyè sí kámẹ́rà pẹ̀lú: òkè ló ti ń wo wọ́n níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ṣe ń gbóná ló ń sọ̀ kalẹ̀, títí àjà yàrá náà fi dà bí ohun tó fẹ́ tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀.

Àléébù rẹ̀ kò ju pé àwọn mélòó kan nínú wọn kò rí ọ̀rọ̀ tó pọ̀ sọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ òpin rẹ̀ fún yín kí ẹ tó wò ó.