Òkè Ìdànrè láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́: ẹ má ṣe yí padà ní ààfin

Orí Òkè Ìdànrè ni wọ́n bí ìyá ìyá mi sí. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tí àwọn ará ìlú kó sọ̀ kalẹ̀ lọ́dún 1923, ṣùgbọ́n títí màmá fi dágbére fáyé, bí ó bá ti dárúkọ ilé, òkè ló máa ń nawọ́ sí. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni mí kí n tó gùn ún. Oṣù Kọkànlá tó kọjá ni èmi àti ọmọ mi obìnrin lọ, a sì lo ọjọ́ náà tán síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó dùn mí. Awakọ̀ tí a bá ṣàdéhùn ní Àkúrẹ́ ní aago mẹ́fà àbọ̀ lòun ó dé. Aago mẹ́jọ kọjá kó tó yọjú, kò sì bẹ̀ wá. Ọ̀nà yẹn kò jìn rárá, àmọ́ nígbà tí a ó fi tẹ àtẹ̀gùn àkọ́kọ́, aago mẹ́wàá ti kù díẹ̀, àpáta sì ti ń gba oòrùn sára. Ẹni tó bá lè sun Ìdànrè mọ́jú, kó sùn síbẹ̀, kó gùn ún nígbà tí ìrì ṣì wà nílẹ̀.

Àtẹ̀gùn náà lé ní 600, ibi ìsinmi márùn-ún ló sì wà lójú ọ̀nà. Mo sinmi ní márààrún. Màmá a máa sọ pé ìyá òun a máa gòkè pẹ̀lú ẹrù iṣu lórí àti ọmọ lẹ́yìn. Ní ibi ìsinmi kẹta, tí àyà mi ń lù kìkì, ni mo tó mọ ohun tí màmá ń sọ.

Afinimọ̀nà wa ni mo fẹ́ yìn jù. Ọmọ ìlú ni, kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ó fi ààfin Ọwá hàn wá, pẹ̀lú àwọn òpó rẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ lére, ó fi kóòtù àti ilé ìwé àtijọ́ hàn wá, ṣùgbọ́n kò kà á fún wa bí ẹni tó há a sórí. Nígbà tó gbọ́ ohun tó gbé mi wá, ó dúró. Ó bi mí léèrè ìran màmá, ó bi mí bóyá màmá máa ń dárúkọ ibi tí wọ́n ti ń pọnmi. Mo sọ ìwọ̀nba tí mo rántí. Ó wá yà kúrò lójú ọ̀nà, ó ń fi àdá lànà nínú koríko títí a fi dé ibi ògiri alámọ̀ kan tó ti wó kù díẹ̀. Ó ní, "Màmá, mi ò lè búra pé ibí gan-an ni o. Àdúgbò yẹn ni ṣá." Irọ́ kò ná an ní kọ́bọ̀, kò sì pa á. Mo fọwọ́ kan ògiri náà, ọmọ mi yípadà kó má baà rí ojú mi. Nígbà tí a máa lọ, mo fún un ní ₦5,000 lórí owó tí a dá, mo sì rí i pé ó kéré.

Ibi ààfin ni ọ̀pọ̀ tó bá wa gòkè ti yí padà. Àdánù gbáà ni. Lẹ́yìn ìlú àtijọ́ ni òkè ti ń tẹ̀lé òkè, igbó kìjikìji láàárín wọn, tí èèyàn ó máa sọ̀ kalẹ̀ sínú òjìji, tí yóò tún yọ sí gbangba àpáta. A dé ibi ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn, èyí tí wọ́n ní ó máa ń bá ẹsẹ̀ gbogbo èèyàn mu àfi ti àjẹ́. Ọmọ mi ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, èmi náà ki tèmi bọ̀ ọ́. Ní Odò Arun ni a ti jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín tí a gbé dání. A kò rí ẹni tó ń ta nǹkankan lókè lọ́jọ́ náà, nítorí náà ẹ di oúnjẹ yín, kí omi yín sì tó.

Bàtà kánfáàsì onírọ́bà tí mo wọ̀ di àpáta mú dáadáa. Ọmọ mi wọ sálúbàtà, ìgbà tí a fi dé ibi tó da gẹ̀rẹ́, ó bọ́ ọ, ó ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn. Bí òjò bá rọ̀, ẹ má gbìyànjú ibẹ̀.

Láti ọdún 2007 ni òkè yìí ti wà lára àwọn ibi tí Nàìjíríà fi orúkọ wọn ránṣẹ́ sí UNESCO pé kí wọ́n kà mọ́ ogún àgbáyé. Ògiri alámọ̀ kò mọ bí a ṣe ń dúró de ìwé. Ẹni tí ìran rẹ̀ ti ibẹ̀ wá, kó tètè lọ wò ó.

Ìràwọ̀ márùn-ún ni mo fún òkè náà, mo fún afinimọ̀nà náà ní márùn-ún. Aago márùn-ún kọjá kí a tó sọ̀ kalẹ̀, orúnkún mi sì ń gbọ̀n. Àbúrò ìyá mi, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, ti ní kí n mú òun lọ kí ọyẹ́ tó parí. Mo ti gba yàrá sílẹ̀ ní Ìdànrè fún alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.