Clang-tidy: ó mọ kóòdù tún ṣe, àmọ́ kì í fọwọ́ kan kọ́mẹ́ǹtì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ C++ ní Ìlọrin, bóyá ní Tanke ni o tàbí nínú ọgbà Yunifásítì, tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ gbé kóòdù àtijọ́ bọ́ sí C++17 (ìlànà èdè náà ti ọdún 2017), clang-tidy, irinṣẹ́ tó ń yẹ kóòdù C++ wò tó sì lè tún un ṣe, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú. Ọ̀fẹ́ ni. `sudo apt install clang-tidy` ti tó lórí Ubuntu, tó bá sì ti wọlé tán, kò nílò détà mọ́.

Kóòdù ló mọ̀ ọ́n tún ṣe jù. Ẹ wo `std::auto_ptr`, irú atọ́ka (pointer) kan tó máa ń pa ohun tó ń tọ́ka sí rẹ́ fúnra rẹ̀: C++11 ti ní ká yé lò ó, C++17 wá yọ ọ́ dànù. Ẹ tan `modernize-replace-auto-ptr`, kẹ́ ẹ fi `--fix` sí i, á sọ ọ́ di `std::unique_ptr`, á sì fi `std::move` síbi tó yẹ. Iṣẹ́ tó mọ́ ni. Ṣùgbọ́n kọ́mẹ́ǹtì òkè rẹ̀ (àlàyé tí ẹni tó kọ kóòdù kọ fún ẹni tó máa kà á) tó sọ pé "tó o bá ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ti àkọ́kọ́ á ṣófo" ṣì wà níbẹ̀ gbọnin. Ó ti di irọ́, torí pé `unique_ptr` kì í gbà kí wọ́n ṣe ẹ̀dà òun rárá. Ẹni tó bá gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ yín á gbà á gbọ́, ìyẹn ló burú.

Nínú ohun tó lè yẹ̀ wò, `bugprone-argument-comment` ló wúlò jù fún ọ̀rọ̀ yìí: ó ń wò ó bóyá `/*iye=*/` bá orúkọ tó wà nínú fọ́ńṣọ̀n mu. Ẹ fi `-Wdocumentation` ti clang, kọ́ńpáílà C++ kan, kún un, á ké tí `\param`, àmì tó ń ṣàlàyé páramítà nínú kọ́mẹ́ǹtì, bá dárúkọ ohun tí kò sí mọ́. Kò sí èyí tó lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni gbólóhùn yín. Ojú yín ló máa ṣe ìyẹn.

GCC, kọ́ńpáílà mìíràn, láti ẹ̀dà 7 gba kọ́mẹ́ǹtì `// fallthrough`, tó ń sọ pé a mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí `case` kan ya wọ inú èyí tó tẹ̀ lé e nínú `switch`; clang ò kà á sí. Ẹ fi `[[fallthrough]];` ti C++17 rọ́pò rẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi `-Wimplicit-fallthrough=5` ti GCC wá èyí tó ṣẹ́ kù.

Nínú kọ́mẹ́ǹtì, ẹ má tọ́ka sí ìlànà C++ pẹ̀lú nọ́ńbà. Abala 8.5 inú C++11 ti di 11.6 nínú C++17, `dcl.init`, orúkọ abala náà, ni kò yí padà. Ẹ tún fi `grep -rnE 'C\+\+(0x|1y|1z|2a)'` wá àwọn orúkọ tí wọ́n ń pe ìlànà kó tó jáde.

Àléébù clang-tidy ni pé ó lọ́ra, torí pé gbogbo header (fáìlì tí kóòdù ń fi `#include` pè) ló ń kà fún fáìlì kọ̀ọ̀kan, bátìrì sì ń lọ tí kò bá síná. Láìsí `compile_commands.json`, fáìlì tó ń sọ àṣẹ tí wọ́n fi ń kọ́ńpáìlì fáìlì kọ̀ọ̀kan, á máa ní òun ò rí header; `-DCMAKE_EXPORT_COMPILE_COMMANDS=ON` ni kẹ́ ẹ fún CMake, irinṣẹ́ tó ń ṣètò bí wọ́n ṣe máa kọ́ńpáìlì iṣẹ́ náà. `git diff -U0 | clang-tidy-diff.py -p1` yá ju gbogbo rẹ̀ lọ, àmọ́ ìlà tẹ́ ẹ fọwọ́ kàn nìkan ló ń sọ̀rọ̀ lé. Ẹ yẹ gbogbo kóòdù náà wò lẹ́ẹ̀kan kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ sí oníbàárà.